Ìkòkò Kan Ti Tó: Oúnjẹ Ìrọ̀rùn fún Ará Ilé àti Ọ̀rẹ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn òbí àti ọ̀dọ́ ní Ẹ̀pẹ́, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó o. Mo kí àwọn ará Òkè-Pósù, mo kí àwọn tó wá láti Ayétòrò, mo sì kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wá láti Nọ́fọrijà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí ènìyàn lè sè nílé láìsí wàhálà, tí ọmọ yóò jẹ yó, tí ọ̀rẹ́ tó bá yà wá yóò sì rí jẹ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ alásè ni mo ń ṣe. Òde ìgbéyàwó, òde ìsìnkú, òde ìkómọ, ibẹ̀ ni mo ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ mi. Síbẹ̀ ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe máa sè é nílé bí àwa ṣe ń sè é lóde.

Lóde, èmi nìkan kọ́ ni mo ń sè. Ẹni kan ń bó àlùbọ́sà, ẹni kan ń fọ ẹran, ẹlòmíràn ò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa ro ìkòkò lọ. A ti dáná kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá se ìrẹsì oríṣi mẹ́ta, ẹni tó ni àríyá ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí nílé àwọn ọ̀dọ́ báyìí ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin péré ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó ilé á ti máa dààmú láti ọjọ́ Ẹtì. Jọ̀lọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ wà, fúráìdì ráìsì gbọ́dọ̀ wà, mọ́ínmọ́ín, sàláàdì, ẹran aláta. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ bá dé, wọ́n á jẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ẹni tó pè wọ́n á wà nídìí iná tí òógùn ń bo ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ tán, abọ́ ìdọ̀tí á kún ilẹ̀. Kí ni yóò sọ nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wá? "Ẹ jẹ́ ká pàdé níta." Bí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ ṣe ń kúrò nílé ẹni díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju báyìí lọ: ẹ se ohun kan ṣoṣo, ẹ sè é kó jinná dáadáa, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tí ẹ sè é fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ará ilé, ká tó dé orí ti ọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ló ń jáde kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà tán, tí ẹ ń wọ mọ́tò gba ọ̀nà Lẹ́kí lọ síbi iṣẹ́, tí ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá kí ẹ tó padà. Àárẹ̀ ti mú yín, ebi ń pa àwọn ọmọ, ìkòkò ṣófo. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ata. Ìdí nìyí tí ilé mìíràn fi ń jẹ núdùlù láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Mi ò bá yín wí. Mo kàn fẹ́ fi hàn yín pé iṣẹ́ tó ń dẹ́rù bà yín lálẹ́ ọjọ́ Ajé ti lè parí láti ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òtítọ́ wà níbẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fún ènìyàn ní ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ọbẹ̀ tí ẹran inú rẹ̀ pọ̀ ju omi rẹ̀ lọ tí kò sì dùn rárá, mo sì ti jẹ ìrẹsì olóbẹ̀ tí kò ní ju panla kékeré kan lọ tí mo fi ìka nu abọ́ rẹ̀. Ata ló fi yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá mọ ata dín ti mọ ìdajì oúnjẹ Yorùbá, mo sì fẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ata yìí dáadáa.

Fún ilé tí ènìyàn márùn-ún wà, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n rà ni tàtàsé ńlá mẹ́wàá, tòmátò mẹ́fà tó le díẹ̀, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta, àti ata rodo bí agbára ẹnu wọn bá ṣe mọ. Ẹ kíyè sí i pé tàtàsé ló pọ̀ jù. Òun ló ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ àti adùn. Bí tòmátò bá ti pọ̀ jù, omi àti kíkan ló ń mú wá. Ẹ yọ kóró inú tàtàsé dànù. Ẹ gé àlùbọ́sà méjì mọ́ ọn, kí ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ àdúgbò lẹ ó gbé e lọ, ẹ dúró tì í, ẹ ní kó fi omi ṣan ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó lọ tiyín, nítorí bó bá jẹ́ ẹ̀wà ló lọ gbẹ̀yìn, ìyẹ̀fun ẹ̀wà yẹn á mú ata yín jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ ní kó má da omi púpọ̀ sí i pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á gbé epo kaná, wọ́n á da ata tútù lé e, epo àti omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jà, á máa ta sí wọn lápá, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sáré da omi ẹran sí i kíákíá. Ọbẹ̀ yẹn á kan lẹ́nu, wọ́n á ní tòmátò ọjà ni ò dára. Ata ò ṣe nǹkan kan o, omi inú rẹ̀ ni kò tíì gbẹ. Ẹ da ata lílọ̀ náà sínú ìkòkò láìfi epo sí i rárá. Ẹ gbé e kaná, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde, kí ẹ jẹ́ kó máa hó. Ẹ lè lọ fọ aṣọ àwọn ọmọ nígbà yẹn, kí ẹ ṣáà máa yà wò ó. Yóò máa fà, yóò máa ki. Nígbà tí ẹ bá fi ìgbákọ la àárín rẹ̀ tí ìdí ìkòkò hàn, tí ata méjèèjì ẹ̀gbẹ́ kò sì tètè padà pàdé, omi rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn.

Ìgbà yìí ni epo tó lè wọlé. Ẹ gbé epo sínú ìkòkò mìíràn, ẹ gé àlùbọ́sà kẹta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ̀ kí etí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí ẹ tó da ata gbígbẹ yẹn lé e. Ẹ dín iná kù. Ẹ máa rò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i pẹ̀lú, nítorí ata a máa sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìró omi lẹ ó gbọ́, á máa hó wúruwùru. Bó bá yá, ìró náà á yí padà, á máa ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lábẹ́ ìgbákọ. Òórùn ata tútù á lọ. Àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní pupa fòò, á di pupa rúsúrúsú, epo á sì yọ sókè yí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ká. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fi ẹran sí i, ẹ má fi ẹja sí i, ẹ má fi máàgì sí i. Bí ẹ bá ti fi ẹran sí i, ọbẹ̀ ẹran ló dà nìyẹn, kò tún lè di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá wà lóun nìkan, ohun tó bá wù yín lẹ lè fi ṣe.

Bó bá tutù tán, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ìwọ̀n tí ẹ ó lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ike kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ní fíríìsà, ẹ kó o síbẹ̀. Èyí tí ẹ ó lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta lè wà nínú fíríìjì.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ike kan àti ẹyin mẹ́rin, iṣu ti ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oúnjẹ ti dé nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ da ike kan sórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí ẹ ti bọ̀ tí ẹ sì ti fún omi rẹ̀ dànù, irú díẹ̀, ẹja yíyan díẹ̀. Àsáró náà kò gbà ju ike kan àti epo pupa lọ. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ dá dúró lé lórí díẹ̀, nítorí gáàsì tó ń jẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó jáde láàárọ̀. Tí ẹ bá dé lálẹ́, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi mìíràn sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà tí ẹ gé sí i, ẹ dé ìkòkò pa. Ẹ ó rí i pé kò ní pẹ́ tó bí ẹ ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀. Bó bá ti rọ̀ ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i.

Ìrẹsì àsèpọ̀ elépo pupa, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní kọ́nkọ́ṣọ̀n, ni mo fẹ́ràn jù fún alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Dérícà kan á tó ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ fọ ìrẹsì náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ gbé epo pupa kaná kó gbóná díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rú èéfín, ẹ da àlùbọ́sà sí i, ike ata kan, irú, edé gbígbẹ, ẹja yíyan tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Ẹ da ìrẹsì lé e, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó bu omi sí i títí yóò fi ga ju ìrẹsì lọ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù, ẹ dé e pa, ẹ má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bó bá ku díẹ̀ kó jinná, ẹ já ewé ẹfinrin sí i. Ìkòkò kan, oúnjẹ alẹ́ fún gbogbo ilé, abọ́ díẹ̀ láti fọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí irú oúnjẹ yìí. Iyọ̀ wà nínú edé, ó wà nínú ẹja yíyan, ó pọ̀ nínú máàgì, ó sì máa ń wà nínú irú tí wọ́n ń tà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Àwọn òbí wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Irú tó dára á ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí máàgì mẹ́ta ṣe.

Ní ti ẹja, ẹni tó bá ń gbé Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé ẹja dídì inú páálí ló ń rà lójoojúmọ́ ń fi ohun rere du ara rẹ̀. Ọjà Olúwo wà níbí, lẹ́bàá ọ̀sà. Àwọn ènìyàn ń wá láti Èkó àti láti Ìjẹ̀bú-Òde wá rajà níbẹ̀. Àrọ̀ tó ṣì ń mí wà, èpìyà wà, edé tútù wà, alákàn wà, ìgbín wà, ẹja yíyan oríṣiríṣi wà. Ẹ lọ ní àárọ̀. Kí ẹ tó nájà, ẹ wo ojú ẹja: kí ó mọ́ kedere, kí ó má rì wọ inú. Ẹ ṣí ìjàǹgbá rẹ̀ wò, ìyẹn ibi tó ti ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Kó pupa, kó má dúdú, kó má yọ̀. Ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá padà sípò, ẹ rà á. Bó bá jìn tí kò padà, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ìyá tó tẹ̀ lé e. Ẹ má tijú láti tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́ja gidi kì í bínú sí i, ó mọ̀ pé ẹni tó mọ ẹja ló ń bá òun nájà. Àwọn tó ń bá ènìyàn ha ìpẹ́ tí wọ́n sì ń gé ẹja wà lọ́jà, ẹ fún wọn lówó díẹ̀. Ìdajì wákàtí lẹ rà lọ́wọ́ wọn yẹn.

Bí ẹ bá gbé àrọ̀ délé, ẹ fi iyọ̀ pa á lára, kí ẹ da omi gbígbóná tí kò tíì hó lé e, ẹ ó rí i tí omi yíyọ̀ ara rẹ̀ á funfun, á sì máa ṣí kúrò. Ẹ fi omi tútù ṣàn án. Ẹ gbé ike ata yín kaná, ẹ fi omi là á, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ tọ́ ọ wò kó dùn tán kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹja tútù kì í pẹ́ jinná. Bí bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti kọjá lórí iná pẹ̀lẹ́, ó ti tó. Ẹ to ẹja náà lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ dé e. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ kó ìgbákọ kúrò nítòsí. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ di etí ìkòkò mú méjèèjì kí ẹ mì í díẹ̀. Gbogbo ẹja tó ń fọ́ sínú ọbẹ̀ tí àwọn ọmọ ń há lẹ́gungun, ìgbákọ ló fọ́ ọ. Èpìyà dùn, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ pọ̀. Fún ọmọdé, àrọ̀ ni kí ẹ rà.

Ó ya, ọ̀rẹ́ ti fẹ́ dé.

Àwa ará Ẹ̀pẹ́ kò yẹ ká bẹ̀rù àlejò. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí ìtẹ́, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí. Ó wà níbí títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà mọ́. Àwọn ọmọ wọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó wà láàárín wa lónìí pẹ̀lú Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ń ṣe ọdún Káyó-Káyó láti fi rántí ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ síbí, gbogbo wa sì mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lọ́jọ́ náà: ilẹ̀kùn ṣí, ẹnikẹ́ni lè wọlé, abọ́ ń kọjá láti ilé dé ilé. Oúnjẹ àwọn tó ń gbé lẹ́bàá omi kan náà ni à ń jẹ, yálà a jẹ́ Èkó tàbí Ìjẹ̀bú.

Oúnjẹ tí mo máa yàn fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni ìkọ́kọrẹ́. Àwọn kan ń wò ó bí oúnjẹ àwọn ìyá àgbà, wọ́n ń tijú láti gbé e ka iwájú àlejò tó wá láti Èkó. Ẹ gbé e síwájú wọn, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe máa béèrè bí ẹ ṣe sè é. Ẹran, ẹja, iṣu, ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ ò nílò ohun mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iṣu ewùrà ńlá kan ni. Ẹ wá èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wà á, nítorí ewùrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko lómi jù. Ewùrà a máa mú ọwọ́ yún ènìyàn; ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ rin ín lójú wẹ́wẹ́, kì í ṣe ojú gbàgà. Bí ẹ bá rin ín tán sínú abọ́, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ọwọ́ lù ú, kí ẹ máa gbá a sókè láti ìsàlẹ̀ abọ́ bí ẹni ń po àkàrà. Ẹ ó rí i tó ń wú, tó ń fà, tí kò tètè já bọ́ lọ́wọ́. Bó bá já bọ́ ṣòòròṣò bí omi, ẹ rin iṣu gidi díẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú ìkòkò, ẹ ti gbé ata kaná: ike méjì nínú èyí tó wà nílẹ̀, omi dáadáa, epo pupa, ẹja yíyan, pọ̀ǹmọ́ tó bá wù yín, edé. Ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣàn ju ọbẹ̀ tí ẹ fi ń jẹ ìrẹsì lọ, nítorí ewùrà á mu nínú rẹ̀. Nígbà tó bá ń hó dáadáa, ẹ máa fi ìka mẹ́rin gé ewùrà náà sínú rẹ̀ ní wóróbo wóróbo, kí èyí kan má tóbi ju èkejì lọ púpọ̀. Ẹ dín iná kù. Ẹ dé e, kí ẹ fi ìdérí sílẹ̀ díẹ̀ kó má bàa hó dànù. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rò ó ní ìṣẹ́jú kejì ti sọ ọ́ di lẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wóróbo náà bá ti di funfun sí àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀, tó le lára, ni ẹ ó tó ti orógùn bọ̀ ọ́, ẹ tẹ díẹ̀ fọ́ kí ọbẹ̀ lè ki, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní odidi. Odidi yẹn ni olóhun máa ń wá nínú abọ́. Ẹ jẹ́ kó tún wà lórí iná kékeré fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú máa ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Ẹ fi lọ̀ wọ́n, ẹ má fipá mú wọn.

Bí ewùrà bá ṣẹ́kù, ẹ gé ata rodo àti àlùbọ́sà sí i, kí ẹ dín in ní ọ̀jọ̀jọ̀. Àwọn ọmọ á dá yín lóhùn lórí ìyẹn.

Ti àlejò tí kò sọ tẹ́lẹ̀ kò tiẹ̀ le. Gààrí Ìjẹ̀bú wà nílé, àbí? Gààrí wa kan dáadáa nítorí pé a máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pẹ́ ní jíjẹrà kí a tó yan án, ìdí sì nìyẹn tó fi dára fún mímu. Omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà fún ẹni tó bá fẹ́, ẹja díndín gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Mo ti rí àwọn ọ̀gá ńlá tí wọ́n jókòó yí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ká lọ́sàn-án ọjọ́ oòrùn, tí wọn ò fẹ́ lọ mọ́. Ẹja ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: ẹ fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ omi, kí epo gbóná kó tó wọlé, ẹ má sì kó o kún inú agbada.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá tètè dé, ẹ gbé àlùbọ́sà fún un. Ẹni tó bá béèrè pé kí lòun lè mú wá, ẹ má sọ pé "má yọ ara rẹ lẹ́nu". Ẹ ní kó mú èso wá, tàbí omi tútù. Ẹ̀yin ọkọ, ewùrà rínrin ń fẹ́ apá tó lágbára, mo rò pé ẹ gbọ́ mi. Ọmọ ọdún méje lè yọ egungun ẹja yíyan, ó lè ṣa ẹ̀fọ́. Inú ilé ìdáná tí ènìyàn mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó gba ìbéèrè, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Ìrẹsì tó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ sùn sórí tábìlì. Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí nínú ìrẹsì, tí sísè kì í pa èso rẹ̀ tán; bí ìrẹsì bá wà nínú ooru ilé fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò yìí á máa bí sí i, á sì máa tu oró sílẹ̀, oró ọ̀hún kì í sì í lọ bí ẹ bá tún un gbé kaná. Èébì àti inú rírun tí wọ́n ń sọ pé àríyá ló fà máa ń ti ibẹ̀ wá nígbà mìíràn. Kó má ju wákàtí méjì lọ kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ tó fẹ̀ kó lè tètè tutù. Ọ̀la tí ẹ ó jẹ ẹ́, ẹ gbé e kaná títí ooru á fi máa yọ láti àárín rẹ̀. Ibi tí kò bá sí iná mànàmáná, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán ni kí ẹ sè.

Ìyá kan béèrè pé bí òun bá gbé ìkòkò kan ṣoṣo síwájú ìyá ọkọ òun, ṣé wọn ò ní sọ pé ahun lòun? Mo sọ fún un pé kó pe Màmá lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, kó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o mà, kí lẹ ó jẹ bí ẹ bá dé?" Ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni kó sè. Kó ra ẹja tó tóbi sí i, kó fún wọn ní orí rẹ̀, kó sì jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ìyá àgbà tí ọmọ gbọ́ ohun tí ó fẹ́ kì í ka iye abọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Nọ́fọrijà ní yàrá kan ni àwọn mẹ́ta ń gbé, ojú iná gáàsì kan, kò sí fíríìjì. Mo ní kí wọ́n dá owó ata pọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n dín ìwọ̀n tí kò ju ti ọjọ́ méjì lọ, kí epo rẹ̀ bò ó lórí, kí wọ́n gbé e hó láàárọ̀ àti lálẹ́ láìyẹ̀. Ṣíbí tí ẹnikẹ́ni ti fi kan ẹnu kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹja yíyan ni kí wọ́n rà dípò tútù, kí wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lò ó. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ bá wá, kí wọ́n se ìrẹsì àsèpọ̀ dérícà kan, kí ẹni tí kò bá mọ ọbẹ̀ sè nínú wọn máa fọ abọ́.